Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìn ní Coldmere

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ ò bá rọrùn, kó tún un ṣe nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìtàn ilé kan tó ní àtẹ̀gùn méjì ni mo fẹ́ sọ, àti ti obìnrin kan tó di ọ̀rọ̀ kan sínú láti kékeré títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ẹni tó bá ń di ẹlòmíràn sínú, kó gbọ́. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń dì sínú níbì kan, kóun náà gbọ́.

Coldmere ni wọ́n ń pe ilé náà, lábẹ́ òkè ní Stoke Pellow, ní apá Herefordshire nílẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n ti ń fún ọtí lára èso ápù. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn Thackwell ló ni ín láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti ń gẹṣin tẹ̀ lé ọba lọ sógun. Bí ẹ bá gba iwájú wọlé, gbọ̀ngán ńlá lẹ ó kọ́kọ́ bá, àtẹ̀gùn iwájú á sì kí yín káàbọ̀: igi óòkù tó dúdú minimini, tó fẹ̀ débi pé màlúù méjì lè rìn lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n gbẹ́ ewé àti èso àjàrà sí lára, tí fèrèsé gíga kan ń da ìmọ́lẹ̀ lé lórí láti òwúrọ̀. Ti àwọn onílé nìyẹn. Bí ẹ bá wá gba ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ẹ ó rí ilẹ̀kùn kékeré kan. Àtẹ̀gùn kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkúta ni, ó rí tóóró, ó ń lọ́ bí ìwo àgbò nínú ògiri, kò ní fèrèsé, kò ní ohun tí èèyàn lè dì mú. Ti àwọn ìránṣẹ́ nìyẹn. Ńṣe lẹni tó kọ́ ilé náà ṣètò rẹ̀ kí ọ̀gá lè wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, kó má sì fojú kan ẹni tó ń kó eérú iná rẹ̀ dànù.

Bó bá wá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ pé ọ̀gá àti ìránṣẹ́ pàdé, òfin ilé ni pé kí ìránṣẹ́ kọjú sí ògiri, kó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọ̀gá á fi kọjá. Àwọn ilé ńlá yòókù ti pa àṣà yẹn tì tipẹ́tipẹ́. Àwọn Thackwell ò pa á tì. Wọ́n ní ìwà ọmọlúwàbí ni.

Olwen Probert wà lára àwọn tó ń kọjú sí ògiri. Òun ló ń ru èédú lọ sí àwọn yàrá òkè. Lọ́dún kan tí òtútù mú bí ẹni pé ayé fẹ́ parẹ́, páìpù kan bẹ́ nínú ògiri, omi ń ṣàn sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó sì ń di yìnyín. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ náà jó. Olwen lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá nígbà náà ni Aubrey Thackwell, ọ̀dọ́kùnrin tí baba rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa gba iwájú fúngbà díẹ̀, títí wọ́n á fi tún ẹ̀yìn ṣe. Yìnyín ti bo gbogbo rẹ̀. Òkùnkùn tún wà níbẹ̀."

Aubrey ń fọwọ́ pa ajá rẹ̀ lórí. Kò gbójú sókè. "Wọn ò kọ́ àtẹ̀gùn iwájú fún irú ẹsẹ̀ tìẹ," ló wí. Ó tún wá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó sọ ohun tó dùn.

Olwen padà gba ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀, Dorcas, wà ní ilé ìdáná lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí yìnyín. Gáráwá èédú ló kọ́kọ́ gbọ́, gbàgà gbàgà gbàgà, tó ń já bọ̀ láti òkè. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìyá rẹ̀.

Egungun ìbàdí ló kán. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú ni Olwen ń rìn bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Nítorí pé iṣẹ́ ló ni ilé kékeré tí wọ́n ń gbé lẹ́nu ọ̀nà Coldmere, tí iṣẹ́ sì ti bọ́, ilé náà bọ́. Dorcas ò sunkún. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kó wọn lọ sí Hereford, ó sì sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé: Aubrey Thackwell á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ máa gun àtẹ̀gùn yẹn. Á kọjú sí ògiri kí n kọjá. Ọjọ́ yẹn lọkàn mi á tó balẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Dorcas dàgbà, ó fẹ́ bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Idris Meredith, àwọn méjèèjì sì di agbaṣẹ́ṣe. Àwọn àká tí wọ́n pa tì, ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lọ́mọ ìjọ mọ́, ilé ọlọ tí odò rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n á sọ gbogbo rẹ̀ di ilé tí èèyàn ń gbé. Idris kú, Dorcas ò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju òjò lọ. Kò gbàgbé Coldmere. Bí wọ́n bá sọ fún un pé òrùlé ibẹ̀ ń jò, inú rẹ̀ á dùn lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá sọ pé Aubrey ò fẹ́yàwó, kò bímọ, ó sì ń ta pápá baba rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ra àkàrà òyìnbó fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọn ò sì ní í mọ ìdí rẹ̀.

Níkẹyìn, wọ́n gbé ilé náà fún gbàǹjo. Dorcas nawọ́ sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi rẹ gbogbo àwọn yòókù. Ó yẹ kó kọ́kọ́ bi káńsù pé kí ni wọ́n á jẹ́ kóun ṣe sí irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Dorcas ò wo òkèèrè. Àtẹ̀gùn nìkan ló ń wò.

Ó ti pín ilé náà lọ́kàn rẹ̀. Fúláàtì mẹ́fà. Yàrá ńlá tí wọ́n bí Aubrey sí máa jẹ́ tòun, òun á sì máa gba àtẹ̀gùn iwájú sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀, gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú bàtà gíga. Yàrá kékeré lábẹ́ òrùlé, níbi táwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn sí láyé àtijọ́, máa jẹ́ ti Aubrey, bó bá bẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé á bẹ̀.

Ó bẹ̀ lóòótọ́. Ilé ìdáná ló ti wá bá a. Ó ti di arúgbó tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi awọ lẹ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Orúkọ Meredith nìkan ló mọ̀ mọ́ Dorcas.

"Mi ò fẹ́ dà yín láàmú rárá, màdáámú," ló wí. "Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni. Bó bá sì ni yín lára, ẹ sọ pé rárá, kò sí wàhálà."

"Ẹ sọ ọ́."

"Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sùn níbòmíràn. Bí yàrá kan bá wà tẹ́ ẹ ò fẹ́ lò, ibi yòówù kó jẹ́..."

"Yàrá kan wà lábẹ́ òrùlé. Ibi táwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn."

"Áà, ó dára púpọ̀. Ẹ ṣeun."

"Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lẹ ó máa gbà o."

Dorcas tẹjú mọ́ ọn kó lè rí bí ojú rẹ̀ á ṣe yí padà. Kò yí padà.

"Ó dáa fún àyà," ni Aubrey wí. "Eré ìdárayá ni. Ṣé kí n bá yín po tíì?"

Dorcas bọ́ síta, ó sì gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì kan nípàá tó fi yí gbirigbiri kọjá lójú àgbàlá. Obìnrin arúgbó kan dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹyin. Beryl Gittins lorúkọ rẹ̀, opó ni, gbogbo ọ̀rọ̀ abúlé ló máa ń gba etí rẹ̀ kọjá.

"Ọmọ Olwen, kí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe fún ẹ?"

Dorcas yí padà bìrí. "Ta ló sọ fún yín pé ọmọ Olwen ni mí?"

"Àgbọ̀n rẹ ni. Ìyá rẹ àtèmi la jọ ń fún wàrà nínú àgbàlá yìí ká tó lọ́kọ. Fọkàn balẹ̀, mi ò ní í wí. Àmọ́ fi fúláàtì ìsàlẹ̀ kan pamọ́ dè mí. Mo fẹ́ jókòó wòran."

Báyìí ni Beryl ṣe gba yàrá tí wọ́n ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí àgbàlá.

Bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni káńsù dé. Prudence Yarrow ni wọ́n rán wá, obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn ilé àtijọ́ fún ìjọba, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́rùn. Nígbà tó rí àtẹ̀gùn iwájú, ó lọ dì mọ́ ọn bí ẹni tó rí àbúrò rẹ̀ tó sọnù. Ọ̀gá panápaná kan bá a wá, gìrìpá ọkùnrin onírunmú. Dorcas po tíì, ó kó bisikíìtì jáde, wọ́n sì dúró sí gbọ̀ngán.

"Ẹ ò gbọdọ̀ kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn," ni Prudence wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ mọ ògiri yí i ká, ẹ ò gbọdọ̀ fi ilẹ̀kùn dí i, ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kùn ún."

"Èmi ò sì lè jẹ́ káwọn èèyàn máa gbà á lọ sílé wọn láìsí ògiri àti ilẹ̀kùn tó lè dá iná dúró," ni panápaná fèsì. "Igi gbígbẹ láti ayébáyé! Ìṣáná kan péré, gbogbo wọn di ẹran sísun."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe àtẹ̀gùn yìí ní igi gbígbẹ."

"Kí ni kí n wá pè é, màdáámú? Igi tútù?"

"Ẹ fún mi ní bisikíìtì kan sí i," ni Prudence wí fún Dorcas. "Ọ̀gbẹ́ni yìí ti bí mi nínú."

Wọ́n jà títí tíì fi tutù, láìpariwo, pẹ̀lú ẹ jọ̀ọ́ àti ẹ forí jì mí, bí wọ́n ṣe ń jà ní ilẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni panápaná lọ wo ẹ̀yìn. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ń dán. "Òkúta ni! Inú ògiri tó nípọn bí ògiri ẹ̀wọ̀n! Ibẹ̀ ni kí gbogbo wọn máa gbà. Ẹ kàn fi irin ìdìmú àti iná sí i, iná tí kì í kú o. Òfin ni." Prudence náà gbà. Okùn á dábùú àtẹ̀gùn iwájú, wíwò ni kí wọ́n máa wò ó, wọ́n á sì ti gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí sí i pa.

Irin ìdìmú àti iná. Dorcas gbọ́ ọ: ohun méjì tí ìyá rẹ̀ ò rí lọ́jọ́ tó ṣubú.

"Ṣé gbogbo àwọn tó ń gbé lókè ló máa gba ẹ̀yìn?"

"Gbogbo yín."

"Èmi tí mo ni ilé ńkọ́?"

"Iná ò mọ onílé, màdáámú."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó ro ọ̀rọ̀ náà. Ó lè pẹjọ́ káńsù lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ó mọ àwọn tó ti ṣe é, ó sì mọ bó ṣe ń pẹ́ tó, tí iṣẹ́ á sì dúró dè é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Beryl ní ọgbà tó ti ń já ẹ̀wà.

"Ó ti ń wúkọ́, Aubrey yẹn," ni Beryl wí, kò tiẹ̀ yíjú. "Bó o bá dúró de káńsù, ibojì lo ti máa lọ bá a wí. Òkú kì í gun àtẹ̀gùn."

"Ẹ̀yin ẹ kàn fẹ́ wòran ni."

"Mo fẹ́ wòran. Àmọ́ ṣé irọ́ ni mo pa?"

Irọ́ kọ́. Bí Dorcas ṣe sọ bàtà gíga àti àtẹ̀gùn iwájú nù nìyẹn, ohun tó ti ń lá lálàá láti kékeré. Ó ní kóun náà gba ẹ̀yìn, bí ọ̀tá òun bá ṣáà ti ń gbà á. Ẹni tó fẹ́ fa ẹlẹ́dẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ẹrẹ̀.

Wọ́n parí iṣẹ́, àwọn èèyàn kó wọlé, Aubrey kó àga kan àti àwòrán àwọn baba rẹ̀ lọ sábẹ́ òrùlé. Dorcas bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Àtẹ̀gùn náà tóóró, èèyàn méjì ò lè kọjá ara wọn níbẹ̀, àfi kí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tó ń retí nìyẹn. Àmọ́ etí Aubrey mú bíi ti ehoro. Bó bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀, á padà sókè lọ dúró níbi tó fẹ̀, fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀! Mi ò kánjú."

"Rárá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ kọ́kọ́ sọ̀."

"Kò ṣe é ṣe, màdáámú. Obìnrin ló ń ṣáájú."

"Mo ní kẹ́ ẹ sọ̀!"

"Ẹ forí jì mí, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé."

Wọ́n á dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí wàrà inú àpò Dorcas á fi fẹ́ kan. Beryl á fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ gún àjà yàrá rẹ̀, á ké pé: "Ṣé ìgbéyàwó lẹ̀ ń ṣe lókè yẹn ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dorcas bọ́ bàtà sílẹ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ gun òkè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Ibi kọ̀rọ̀ tí àtẹ̀gùn ti yí, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú gan-an, ló ti kò ó. Àpò pàǹtírí wà lọ́wọ́ Aubrey, ó ń gbé e lọ síta.

"Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mi ò gbọ́ ìró yín. Ẹ jẹ́ n padà sókè..."

"Dúró."

Ẹnikẹ́ni ò tí ì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà. Ó dúró.

"Kọjú sí ògiri."

"Kí lẹ wí?"

"O gbọ́ mi. Bẹ́ ẹ ṣe ń ní káwọn èèyàn ṣe níbí. Kọjú sí ògiri, kí n kọjá."

Aubrey yí padà, ó na imú sí òkúta, ó gbé àpò pàǹtírí mọ́yà. "Ṣé báyìí?" ló béèrè. "Ṣé àyè gbà yín tó?"

Dorcas kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọra kọjá. Ó rí ọrùn rẹ̀ tó ti hunjọ, ó rí etí rẹ̀ tó pọ́n. Ó ń retí kó dùn mọ́ òun. Ó dà bí ẹni tó bu oyin sẹ́nu tó bá a pé omi lásán ni. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri bí ẹni tó dìde fún aboyún nínú bọ́ọ̀sì.

"Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ní kó o ṣe é?"

"Rárá o. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni ilé."

"Ọmọ Olwen ni mí."

Aubrey ò tíì yíjú kúrò lára ògiri. "Olwen," ló wí. "Olwen... Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Olwen?"

Dorcas jókòó sórí òkúta. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: omi, yìnyín, gílóòbù, gáráwá èédú, egungun ìbàdí, ilé kékeré ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ohun tí Aubrey fi lẹ́nu ara rẹ̀ sọ nípa ẹsẹ̀. Aubrey gbọ́ ọ dópin, ó ń mi orí.

"Ó mà ṣe o," ló wí. "Ó dùn mí gidigidi. Àwọn ìránṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, ẹ rí i. Àmọ́ mo rántí òtútù ọdún yẹn dáadáa. Ọdún yẹn ni Bracken kú, ajá mi. Ajá tó dáa ni. Ṣé mo lè yíjú padà báyìí?"

Dorcas sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó wọlé tọ Beryl, ó dúró láàárín yàrá.

"Ó rántí orúkọ ajá," ló wí.

Beryl gbé ìkòkò tíì kaná.

Láti ìgbà náà, Dorcas ò ṣọ́ àtẹ̀gùn mọ́. Bí Aubrey bá bá a pàdé, ó ń kọjú sí ògiri fúnra rẹ̀, tọ̀yàyàtọ̀yàyà, á ní "Ẹ káàárọ̀ o" sí òkúta. Ìyẹn gan-an ló ń pa Dorcas. Ó ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tì í sábẹ́ òrùlé, ó ti yí ojú rẹ̀ sí ògiri, síbẹ̀ kò tíì dé ibi tó ń dun ọkùnrin náà.

Prudence Yarrow padà wá fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ó fi ọwọ́ pa àtẹ̀gùn iwájú lára, ó dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ó ku nǹkan kékeré kan. Nígbà tí ilé kan bá ti di ilé mẹ́fà, káńsù gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí a ó máa pè é, kí àwọn tó ń pín lẹ́tà àti panápaná lè rí i. Coldmere náà ni, àbí?"

Dorcas fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ó pa á dé.

"Òfin yín tó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣé ó kan orúkọ?"

"Orúkọ? Orúkọ kì í ṣe òkúta, kì í ṣe igi. Òfin mi ò débẹ̀. Yóò dunni o, torí orúkọ àtijọ́ ni, àmọ́..."

"Ẹ kọ ọ́ báyìí: Ilé Olwen Probert."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá ni Dorcas wò kó tó sọ ilé lórúkọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Aubrey ti gbọ́. Kò kí i pé ẹ káàárọ̀. Ọ̀pá ló fi lu ilẹ̀kùn Dorcas, gbá gbá gbá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kò ṣe é ṣe! Ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i! Coldmere ni ilé yìí láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀!"

"Wọlé, jókòó."

"Mi ò jókòó! Mo gba yàrá ọmọ ọ̀dọ̀, mi ò wí nǹkan kan. Mo gba àtẹ̀gùn. Mo kọjú sí ògiri fún yín, màá sì máa ṣe é títí màá fi kú bó bá wù yín. Ẹ ṣáà fi orúkọ sílẹ̀." Ó nawọ́ sí apá ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà. "Thackwell ti Coldmere ni wọ́n kọ sára ibojì gbogbo baba mi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wá ńkọ́? Thackwell ti ibo ni wọ́n á kọ sí tèmi?"

Dorcas ń wò ó, bí ẹni tó ti ń gbẹ́ kànga tipẹ́ tí omi wá rú jáde lábẹ́ ọkọ́. Ibẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ gan-an.

"O bi mí pé ta ni Olwen," ló wí. "Mo sọ fún ẹ, kò wọ̀ ẹ́ létí. Ó dáa. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti bi ẹ́ pé níbo lò ń gbé, ìwọ lo máa sọ fún un."

"Mi ò ní í sọ ọ́ láéláé."

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Ó sì gbìyànjú kó má sọ ọ́ lóòótọ́. Coldmere ló ń bá a lọ láti máa pè é. Alápatà mọ ibi tó ń gbé, oníbúrẹ́dì mọ̀, oníwàásù mọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í. Abúlé kékeré máa ń bo àgbà láṣìírí. Dorcas ò tì í. Ó kàn ń tẹ̀ lé e lọ síbi tó bá ń lọ, ó jìnnà sí i díẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin tuntun kan wá gba iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Birmingham ló ti wá, kò mọ Thackwell, kò mọ Coldmere. Aubrey wá gba ẹrù tí ìbátan rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Scotland. Ìlà gùn lọ́jọ́ náà. Dorcas wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

"Níbo lẹ̀ ń gbé, bàbá?"

"Coldmere."

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀. "Kò síbì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, bàbá."

"Ó wà. Ó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ."

"Ẹ má bínú, kò sí lórí ẹ̀rọ. Mi ò lè gbé ẹrù lé yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Òfin ni."

Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. Ní ilẹ̀ yẹn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kí èèyàn dá ìlà dúró. Aubrey mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, inú ìwà yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀ pọ́n, ó pọ́n dé etí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Dorcas. Dorcas ò rẹ́rìn-ín, kò sì yẹjú.

Aubrey yíjú padà sí ọmọbìnrin náà. Ó wí nǹkan kan sínú.

"Ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀, bàbá. Gíláàsì yìí ò jẹ́ kí n gbọ́."

"Ilé Olwen Probert!" ni Aubrey Thackwell ké, tí gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ fi gbọ́. "Ilé Olwen Probert ni mò ń gbé!"

"Ẹ ṣeun. Orúkọ yẹn dùn. Ta ni obìnrin náà?"

Arúgbó náà di tábìlì mú.

"Ó ń ru èédú fún wa," ló wí. "Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Èmi ló yẹ kó jẹ́ kó gba iwájú."

Ó gba ẹrù rẹ̀, ó sì bọ́ síta. Dorcas bọ́ síwájú, ó ra sítáǹbù, ó dúpẹ́. Lójú ọ̀nà, kò yára láti bá a, kò sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò dá orúkọ padà, kò sì ní í dá a padà láé. Bí ẹ bá lọ sí Stoke Pellow lónìí, ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu géètì nìyẹn.

Èmi ò sí lórí ìlà ọjọ́ yẹn. Beryl Gittins ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn Dorcas, ó ní òun gbàgbé ohun tóun wá rà. Òun ló sọ ọ́ fún mi nínú fúláàtì rẹ̀ nísàlẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi í. Arúgbó náà ṣì wà láàyè, á sì fún yín ní tíì.